Ta Ló Wà Nínú ‘Àwa’? Káńsù Afijio àti Ìjọba Tí À Ń Pè Ní Tiwa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́fà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìlọra, à ń jiyàn. Ẹ mọ irú iyàn bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí owó epo, ó dé orí Ààrẹ, ó kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin l'Ábùjá, ó fẹ́ẹ̀ di ìjà nígbà tó dé orí ìbò ọdún 2027. Kálukú gbé fóònù dání, òun ló fi ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá kan tó ń kọjá lọ dúró, ó tẹ́tí sí wa díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú iyàn o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni káńsẹ́lọ̀ yín?”

A wojú ara wa. Wọ́ọ̀dù mẹ́ta ló wà ní Ìlọra. Nínú àwa mẹ́fà, ẹni méjì ò mọ wọ́ọ̀dù tí ilé wọn bọ́ sí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la lè ka orúkọ àwọn mínísítà bí ẹni ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal. Bàbá ò bú wa. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ máa bá iyàn yín lọ,” wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àmọ́ iyàn ti tán lẹ́nu wa.

Ìbéèrè Bàbá yìí ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń sọ tí a kì í yẹ̀ wò: ìjọba àwa-ara-wa. Lórí rédíò, lẹ́nu olóṣèlú, nínú ìwé ìròyìn, ohun tí Yorùbá ń pe dẹmókírésì nìyẹn. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn yìí ṣe máa ń tú ewì àti ìtàn wò, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí náà wò, ká mọ ohun tó gbé pamọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ‘ìjọba’. Inú ‘jọba’ ló ti wá, ‘jọba’ sì ni ‘jẹ ọba’. Nínú èdè wa, bí èèyàn bá ti pe iṣẹ́ gómìnà àti ti alága káńsù ní ìjọba, ó ti fi ọba kún un. A wá mú ‘àwa-ara-wa’, a so ó mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwa fúnra wa la jọ jẹ ọba yìí, tí adé ò sì sí lórí ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ṣe ìlérí ńlá fún wa. Ọ̀rọ̀ tí a tò báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu lásán kí ara wa lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdọọdún. Gbèsè ni.

Báwo la ṣe mọ̀ pé wọn ò tíì san gbèsè náà? Ẹnu wa ló ń tú àṣírí. Bí iná bá lọ, a ó ní, “Wọ́n ti múná lọ.” Bí epo bá gbówó lórí, “Wọ́n ti fowó kún epo.” Bí wọ́n bá da ọ̀dà sí ọ̀nà, “Wọ́n bá wa ṣe ọ̀nà.” Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, síbẹ̀ ẹ ò lè rí ọmọ Yorùbá kan tó máa la ẹnu rẹ̀ pé, “A ti fowó kún epo.” Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kékeré yìí, ‘wọ́n’, mọ òtítọ́ ju gbogbo orin ìpolongo ìbò lọ. A pe ìjọba ní àwa, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀, wọ́n la máa ń pè é.

Ẹ tún wo ‘bá wa’ nínú “wọ́n bá wa ṣe ọ̀nà.” Ẹni tó bá ọ ṣe nǹkan, oore ló ṣe ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi máa ń kún fún ọpẹ́ bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí wọ́n sì kọ orúkọ olóṣèlú gàdàgbà sára táǹkì rẹ̀. Owó wa ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀ a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó yà fọ́tò. Olóṣèlú á ní èrè ìjọba àwa-ara-wa nìyẹn. Èrè owó ta ni? Ta ló dáwó okòwò náà sílẹ̀?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèlú tó jáde lẹ́nu Yorùbá láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, kò sí èyí tó rìn jìnnà bí “Èmi ló kàn.” Ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ni Bọ́lá Tinúbú sọ ọ́, kí APC tó yàn án láti du ipò Ààrẹ. Ó di orin, ó di àwàdà, ó di àwòrán ara ẹ̀wù. Àwọn kan fi ń yìn ín, àwọn kan fi ń bú u. Ohun tí à ń wá níbí yàtọ̀ sí méjèèjì. À ń béèrè ibi tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti wá. Lójú tiwa, inú èésú ló ti wá.

Ẹ̀yin tí ìyá yín tajà rí, ẹ mọ èésú. Obìnrin mẹ́wàá á kóra jọ, kálukú á máa dá iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. “Ta ló kàn?” “Èmi ló kàn.” Kò sí ìgbéraga níbẹ̀ rárá. Ẹ̀tọ́ ni. Ṣùgbọ́n èésú ní òfin tirẹ̀. Èkíní, gbogbo ẹni tó ń dáwó ló máa kó o tó bá yá. Èkejì, ẹni tó ti kó tirẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa dá a lọ títí yóò fi kárí. Ẹ̀kẹta, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ olórí èésú, wọ́n mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì ṣe màgòmágó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí ẹ bá ń wá ìjọba àwa-ara-wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Afijio, inú èésú àwọn ìyá ọlọ́jà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò ó. Àwọn ìyá wa ò kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ‘àwa’ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Òṣèlú wa gbé gbólóhùn èésú lọ, ó fi òfin èésú sílẹ̀. Gbogbo wa là ń dáwó. Àwọn kan náà ló ń kó o.

Wàyí o, ká padà sílé. Afijio jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti 774 tó wà ní Nàìjíríà. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Jọbẹlẹ. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló ní. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣà jọ tí wọ́n fi ṣe orúkọ náà. Ẹ ò rí i pé èésú ni orúkọ yẹn fúnra rẹ̀: ìlú yìí dá lẹ́tà kan, ìlú tọ̀hún dá lẹ́tà kan, Afijio jáde.

Iṣẹ́ wo ni ìwé òfin ọdún 1999 fún irú ìjọba báyìí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ka Àfikún Kẹrin ìwé òfin náà rí. Ọjà wà níbẹ̀. Gáréèjì wà níbẹ̀, ibi ìpẹran àti ibi ìsìnkú náà wà níbẹ̀. Kíkó ìdọ̀tí, sísọ àdúgbò lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé, àti kíkọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Kódà ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọmọlanke ń bẹ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera, káńsù àti ìpínlẹ̀ ni kí wọ́n jọ máa gbé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn títí dé ibi tí wọ́n máa sin ín sí, káńsù lọ́wọ́ sí i. Ábùjá ò ní ohun tó kan ara wa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú Fìdítì bí àpẹẹrẹ. Ta ni ò mọ Fìdítì mọ́ èso? Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó. Nígbà tí ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ṣì ni gbogbo mọ́tò ń gbà kọjá láàárín ìlú, kò sí arìnrìn-àjò tí kì í dúró níbẹ̀ ra nǹkan délé. Ọ̀nà márosẹ̀ tuntun wá dé, mọ́tò ń sáré kọjá lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù nílẹ̀, ti káńsù ni: níbo ni kí ọjà wà báyìí, ta ló máa kọ́ ìsọ̀ sí i, ọ̀nà oko wo ló yẹ ká tún ṣe kí ọsàn má bàa jẹrà kó tó débẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìlọra, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti dá ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn ibùdó oko rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé lè fi iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹun. Ìlú tí oko àti èso ń bọ́, káńsù ló yẹ kó jẹ́ ìjọba rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé àwa la wá ń yan káńsù náà? Abala 7 ìwé òfin ní kò gbọdọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn àyàfi èyí tí aráàlú fi ìbò yàn. Ẹ wá wo bó ṣe rìn ní ìpínlẹ̀ wa. Láti ọdún 2011 títí di ọdún 2018, nígbà ìṣèjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bi, àwọn alága fìdíhẹẹ́ tí gómìnà yàn ló ń darí káńsù. Lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìbò wáyé. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 gan-an tí wọ́n búra fún Ṣèyí Mákindé, wọ́n tú gbogbo káńsù náà ká. Àwọn alága gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní gómìnà ò láṣẹ láti tú wọn ká, pé kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Ẹ̀tọ́ dé, àmọ́ sáà ọdún mẹ́ta tí wọ́n ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pátápátá. Ọjọ́ kẹjọ sí ìdájọ́ náà ni OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, dì ìbò tuntun.

Gómìnà méjì, ẹgbẹ́ méjì, ìwà kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà wá sí ẹgbẹ́ kankan. Nígbà tí ìbò káńsù tún wáyé lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP tó wà nípò ní Ọ̀yọ́ ló kó ipò alága mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó kan Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, APC tó wà nípò níbẹ̀ ló kó ipò alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, gbogbo rẹ̀ porogodo. Ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ìjọba ìpínlẹ̀ kì í sábà pàdánù. Gómìnà ló ń yan àwọn tó máa ṣètò ìbò ọ̀hún. Ṣé olùkọ́ máa ṣèdánwò, kó fúnra rẹ̀ máàkì í, kó wá fìdí rẹmi?

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ti dáa báyìí, pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti gbà wá sílẹ̀. Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí aráàlú yàn. Ó ní gómìnà ò gbọdọ̀ dá a dúró sínú àpò tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ àti káńsù pọ̀, àti pé yíyan alága fìdíhẹẹ́ lòdì sófin. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n a ò ní bá wọn jó ijó àjótàkìtì. Ká ní owó Afijio ń wọlé sí Jọbẹlẹ láìsí ẹnì kankan lágbedeméjì lónìí. Bí alága tó gbà á bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló gbé òun débẹ̀, tí ìbò Fìdítì àti Ìlọra ò lè gbé e kúrò, ọ̀dọ̀ ta ló máa lọ jíhìn? A kàn pààrọ̀ ọwọ́ tí àpò wà ni. Èésú tí ọmọ ẹgbẹ́ ò lè gbà padà lọ́wọ́ olórí kì í ṣe èésú mọ́. Owó orí ni.

Ibi tó ti wá kan àwa gan-an nìyí. Nínú ìbò Ààrẹ ọdún 2023, mílíọ̀nù 93.4 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó dìbò ò pé mílíọ̀nù 25. Ìbò tí gbogbo ayé ń pariwo lé lórí nìyẹn o. Bí ọ̀pọ̀ bá jókòó sílé lọ́jọ́ tó le tó bẹ́ẹ̀, mélòó nínú àwa ọ̀dọ́ ló ń jáde lọ́jọ́ ìbò káńsù? Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù là ń gbá lójú títì tí mọ́tò ò gbà kọjá. A ní, “Wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ èsì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ọ̀rẹ́ tó dára tó ẹni tó jókòó sílé. Bí àpótí ìbò bá ṣófo, iṣẹ́ rẹ̀ ti rọrùn.

Àwọn bàbá wa ò fojú kékeré wo ìjọba tó wà ní ìdí ilẹ̀kùn wọn. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní ọdún 1968 sí 1969, nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà tí a ṣì ń fi orúkọ Táfá Adéoyè rántí, ohun tó ń dùn wọ́n kò jìnnà sílé. Owó orí ti pọ̀ jù, ọ̀nà abúlé ti bàjẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń gba owó náà sì ń fayé ni wọ́n lára. Ìjọba dín owó orí náà kù nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣàn kó tó rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kú, ọlọ́pàá kú, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ́n pa Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́. A ò dárúkọ wọn láti fi pe ẹnikẹ́ni síjà. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlú tí kò bá ní ọ̀nà àlàáfíà láti gba àpò lọ́wọ́ olórí rẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló ń là fún ara rẹ̀ láìmọ̀. Ìbò káńsù tó ṣe é gbà gbọ́ ni ọ̀nà àlàáfíà yẹn.

Ẹ má sọ pé à ń ní kí ẹ gbàgbé Ábùjá. Owó ìrànwọ́ orí epo tí Ààrẹ kéde pé ó ti lọ lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kan owó mọ́tò láti Fìdítì dé Ìbàdàn, ó kan owó agbọ̀n ọsàn. Ó yẹ ká jiyàn lé e. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò lè béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ àdúgbò rẹ̀ pé iye wo lẹ ná sórí ọjà lọ́dún yìí, ohùn wo ló fẹ́ fi béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ? Ẹ̀rọ ayélujára ti jẹ́ kó rọrùn fún wa láti bínú sí ẹni tó jìnnà. Ìbínú yẹn ò ná wa ní nǹkan kan, kò sì ná ẹni tí à ń bínú sí ní nǹkan kan. Èyí tó ṣòro ni ká lọ dúró níwájú ẹni tó mọ bàbá wa, ká kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ká sì bi í ní ìbéèrè tí kò fẹ́ gbọ́.

Torí náà, a ò ní kí ẹ pa ọ̀rọ̀ náà, ìjọba àwa-ara-wa, tì. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ gbọ́ èdè. A kàn ní kí ẹ máa lò ó bí ìwé gbèsè. Bí olóṣèlú bá sọ ọ́ lórí rédíò, ẹ bi í pé ta ló wà nínú ‘àwa’ yẹn. Bí ó bá ní èrè rẹ̀ ni òun gbé wá, ẹ ní kó gbé ìwé owó wá pẹ̀lú. Ìyá tó ń dá èésú mọ̀ pé bí òun bá dáwó, òun ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n yẹn ò yẹ kó parí sọ́jà.

Ní ti àwa mẹ́fà, ọjọ́ méjì la fi wádìí kí a tó mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà. Ilé rẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí a ti ń jiyàn. A ti gbà láti lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. A ò tíì mọ bí yóò ṣe gbà wá, a ò sì mọ̀ bóyá yóò dáhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo la kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Tí Bàbá yẹn bá tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó kéré tán, a ó ní nǹkan kan láti sọ fún wọn.